Ẹ má tíì sanwó páìpù, ẹ kọ́kọ́ wo igi yín ná

Ìyá kan tó ń se ẹ̀wà tà lápá Táákì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ìbéèrè tòní. Wọ́n ní látìgbà tí apá ò ti ká owó gáàsì mọ́ ni àwọn ti padà sídìí igi, abẹ́ páànù kan tí wọ́n ta sẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń dáná sí, rímù mọ́tò àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ààrò. Aago mẹ́rin ìdájí iná ti ń jó. Èéfín ti sọ ojú wọn di pupa, ọmọ-ọmọ wọn ọlọ́dún méjì ń wúkọ́ lóru, ìyàwó ọmọ wọn tó lóyún ló sì máa ń bá wọn koná, igi tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá ọjọ́ mẹ́rin. Wẹ́dà kan wá ní kí wọ́n mú owó páìpù wá, òun á fa èéfín gba orí páànù jáde, gbogbo wàhálà á tán. Ohun tí wọ́n ń bi èmi bíríkìlà tó ń mọ àdògán ni pé ṣé kí àwọn san owó yẹn, àti pé tí òjò tàbí ọyẹ́ bá mú tí àwọn bu ẹ̀yinná wọ pásééjì kí ilé lè móoru, ṣé ewu ò sí níbẹ̀?

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà èéfín. Ẹ má tíì sanwó fún wẹ́dà. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa o, páìpù dáa, n ó dé orí ẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù ò lè mú igi yín pẹ́, kò lè mú ẹ̀wà tètè jinná, gbogbo ohun tó máa ṣe ni pé ó máa gbé èéfín kúrò lójú yín lọ fún àwọn ará ilé kejì. Ti ẹ̀yinná inú pásééjì yẹn, ẹ dákun, lónìí lónìí ni kẹ́ ẹ ti jáwọ́ níbẹ̀, ẹ má dúró kẹ́ ẹ ka èyí tó kù tán kẹ́ ẹ tó jáwọ́. N ó sọ ohun tójú mi rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èéfín fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó yín ń gbà lọ. Tí iná mànàmáná bá lọ lálẹ́ òní (á sì kúkú lọ), ẹ tan àbẹ́là kan, ẹ jẹ́ kó jó díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fẹ́ ẹ pa. Ẹ máa rí okùn èéfín funfun kan tó ń gòkè lórí òwú ẹ̀. Ẹ yára mú iná ìṣáná sún mọ́ èéfín yẹn lókè, ẹ má kan òwú rárá, ẹ máa rí i tí iná máa gba inú èéfín fò padà sórí àbẹ́là, fìn-ín! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, wọ́n ní oògùn ni. Kì í ṣe oògùn o. Èéfín yẹn, àbẹ́là tí kò ráyè jó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi: tí igi bá gbóná, afẹ́fẹ́ kan ló kọ́kọ́ máa ń tú jáde lára ẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń di ọwọ́ iná tá à ń rí, tí kò bá wá rí ooru tó tàbí atẹ́gùn tó, kò ní jó, á di èéfín, á lọ. Nítorí náà ìyá, èéfín tó ń ta yín lójú yẹn, igi tẹ́ ẹ fowó rà ni, tó ń fò lọ sójú ọ̀run láìse ẹ̀wà kankan.

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, iná náà ní ààrò mẹ́ta tiẹ̀, igi tó gbẹ, atẹ́gùn tó ń wọlé nísàlẹ̀, ooru tí a ò jẹ́ kó sá lọ. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, èéfín dé. Tiyín, mo fura pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ̀, ṣùgbọ́n igi ló burú jù, torí oṣù òjò la wà, mo sì mọ irú igi tí wọ́n ń kó wọ̀lú látọ̀nà Ìkòyí lásìkò yìí, òmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ewé ṣì wà lára ẹ̀.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi inú ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ní ti ọjà. Tí ìdì igi tútù kan bá wọn kìlò 10, omi inú ẹ̀ lè tó kìlò 4 tàbí 5. Ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 yẹn àbí? Ó dà bíi pé kẹ́ẹ̀gì omi kan wà nínú igi yẹn tí iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó gbẹ pátápátá kó tó ráyè gbọ́ ti ẹ̀wà yín. Ẹ̀yin náà mọ iye igi tí yóò jó kí omi lítà 5 tó gbẹ mọ́ ìkòkò nídìí. Owó yín nìyẹn. Igi tó dáa fún iná, omi inú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, kó tó débẹ̀ ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n bá là á, tí wọ́n sì tò ó dáadáa, igi líle ńlá tí wọn ò là lè lo ọdún kan kó má tíì gbẹ dénú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ lọ́jà? Ẹ mú igi méjì, ẹ kàn wọ́n mọ́ra. Èyí tó gbẹ á dún kọ́n-kọ́n bí agogo onígi, èyí tó tutù á dún gbì bí ìgbà téèyàn lu ìrọ̀rí. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, tó bá ti la ẹnu wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ tí ẹ rí ilà láti àárín wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èèpo ẹ̀ ń ṣí fúnra ẹ̀, ó ti ń gbẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti wá ń dáná tẹ́ ẹ rí i pé omi ń hó jáde lẹ́nu igi lódìkejì, fọ́ọ̀mù funfun, tó ń ké ṣíí ṣíí, igi yẹn ń sunkún ni, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, ẹ dá a padà sínú oòrùn. Bí a bá ń sunkún à á máa ríran, àwa ni wọ́n sọ ọ́ fún, wọn ò sọ ọ́ fún igi.

Ibi tẹ́ ẹ máa tò ó sí: ẹ tẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní ìlà méjì, kẹ́ ẹ to igi sórí ẹ̀, kó má fara kan ilẹ̀, kí páànù kékeré wà lórí ẹ̀ fún òjò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba àárín ẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi tapólì bò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò ó, ńṣe ni igi á máa là-á-gùn nínú ẹ̀, á hu olú. Ẹ má sì tò ó ti ara ògiri ilé o, ikán á gbabẹ̀ wọlé, àkeekèé náà fẹ́ràn ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tò ó, ẹ là á sí wẹ́wẹ́, kí èyí tó tóbi jù má ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Igi bàǹbà téèyàn ń tì wọnú iná látàárọ̀ dalẹ́, mo mọ̀ pé ó máa ń wu àwa Yorùbá torí pé kò la wàhálà lọ, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ nìkan ló ń jó, inú ẹ̀ tutù, gbogbo àsìkò yẹn èéfín ló ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá lè rí owó kó jọ, oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún ni kẹ́ ẹ máa ra igi tí ẹ máa lò nígbà òjò, ọyẹ́ ti bá yín fa omi inú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá tèmi, orí àjà ilé ìdáná ni wọ́n máa ń sá tiwọn sí, òkè iná gan-an, ó máa ń gbẹ kankan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò lábẹ́ àjà tí kò ga, ìpẹ́ iná kan péré tó bá fò débẹ̀, ilé ti lọ.

Irú igi ńkọ́? Àyìn ni ọba wọn lọ́dọ̀ wa níbí, igi tá a fi ń rin ẹnu yẹn náà, ó le, ẹ̀yinná ẹ̀ kì í tètè kú, ó dáa fún ẹ̀wà gan. Igi òrí náà ń jó dáadáa ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé igi òrí lulẹ̀ nítorí iná, ẹ bi í pé kí ló máa fi pa ọmọ tuntun lára. Mẹláínà àti àràbà fúyẹ́, wọ́n dáa láti fi tan iná, wọn ò dáa láti fi se nǹkan tó ń pẹ́. Máńgòrò àti kajú, tó bá gbẹ kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ èèpo kóró kajú ni kí ẹnikẹ́ni má jù síná, òróró inú ẹ̀ máa ń bó ara, ẹni tó bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan kajú nílùú yìí mọ ohun tí èéfín yẹn ń ṣe fún ọ̀nà ọ̀fun. Pákó ilé ìlagi tí kò ní nǹkan lára dáa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti kùn lọ́dà tàbí ní sólígínọ́ọ̀mù, plywood, fọmáíkà, àlòkù fèrèsé, ẹ má fi se oúnjẹ èèyàn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tá a fi ń tan iná ńkọ́? Mo mọ̀, gbogbo wa là ń ṣe é, ó máa ń tètè ràn, èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Májèlé ni. Ṣùkù àgbàdo gbígbẹ, ògùṣọ̀, tàbí ẹ̀rúnrún igi á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ó kan atẹ́gùn wàyí. Rímù tẹ́ ẹ ń lò yẹn, ó lágbára, kò lè fọ́, mo gbà, ṣùgbọ́n ihò ló yí i ká, ooru ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ sá, irin náà ń gba tiẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló ń gbóná jù nídìí iná yẹn, ìkòkò ń gba èyí tó kù. Iná ààrò lásán tó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú ooru 100 tí igi ní, nǹkan bí 10 sí 15 ló máa ń dé inú ìkòkò. Ẹ má wo àárín igi àti ilẹ̀ fẹ́rẹ́, ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń mí. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá lọ wo iná oníbàárà, eérú àná àti ti ìjẹta ló kún inú ààrò dé ẹnu, igi sùn lé e lórí, wọ́n wá fi igi mẹ́fà dí ẹnu ẹ̀ pa, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n ń wúkọ́. Ẹnu iná yẹn, igi ò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì ẹ̀ lọ, ìdajì ìsàlẹ̀ jẹ́ ti atẹ́gùn.

Bí mo ṣe máa ń tan tèmi rèé. Mo máa kó eérú kúrò, n ó fi bí ìka kan sílẹ̀. N ó gbé irin pẹlẹbẹ oníhò kan síbẹ̀ tí igi máa sùn lé, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣófo. N ó kó ṣùkù mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti ẹ̀rúnrún igi tó rí bí ìka ọmọ ọwọ́ sí i, n ó ṣáná sí i, n ó jẹ́ kó mú dáadáa, mi ò ní kánjú. Ìgbà tó bá ń jó pẹ̀lú ariwo díẹ̀ ni n ó tó ti igi mẹ́ta wọlé, orí wọn nìkan ló máa wà nínú iná, wọn ò ní lẹ̀ mọ́ra, wọn ò sì ní jìnnà síra. Bí orí ẹ̀ bá ṣe ń jó tán ni n ó máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, èéfín yẹ kó ti dín débi pé ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i mọ́. Tí kò bá dín, ẹ má tíì fẹ́ ẹ, ẹ yọ igi kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ná owó, àdògán alámọ̀ ni kẹ́ ẹ ná an sí kẹ́ ẹ tó ronú páìpù. Iṣẹ́ mi ni o, kẹ́ ẹ má sọ pé mo ń polówó, ẹ lè fọwọ́ ara yín mọ ọ́n. Yẹ̀pẹ̀ ilé ikán ló dáa jù, ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn díẹ̀ àti koríko gígékúrú, tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ní gáà Fúlàní, ẹ fi kún un, kì í jẹ́ kó sán. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì mọ inú ẹ̀, bíríkìlà ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ, sìmẹ́ǹtì ò lè gba iná tààrà lójoojúmọ́, á máa rọ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Òkúta inú odò náà, ẹ má lò ó, omi tó há sínú ẹ̀ lè bú gbàù nínú iná. Fún ìkòkò ẹ̀wà tó tóbi bíi tiyín, ẹnu ibi tí igi ń gbà wọlé lè fẹ̀ tó ínǹṣì 6, kí ó ga bákan náà. Láti orí irin tí igi sùn lé dé ìdí ìkòkò kó tó bí ínǹṣì 12, kó jẹ́ ihò gbọọrọ tó dúró ṣánṣán, inú ihò yìí ni èéfín ti máa jó tán kó tó kan ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá mọ ògiri inú àti ògiri òde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ da eérú gbígbẹ sí àárín wọn, eérú kì í jẹ́ kí ooru sá, ẹ ò ra ìyẹn náà. Lẹ́nu òkè, ẹ mọ ọmọ amọ̀ mẹ́ta tí ìkòkò máa jókòó lé, kí ó dúró gírí, kí ògiri ẹ̀ gòkè díẹ̀ yí ìkòkò ká, àlàfo bí ìdajì ínǹṣì sí àárín wọn, kí ooru lè máa ra ara ìkòkò kó tó jáde. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ibòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Á sán, ẹ má fòyà, amọ̀ kan náà lẹ máa fi dí i. Iná kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá sínú ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta.

Ẹ̀wà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ gbé e kaná, ó máa tètè rọ̀. Kán-ún díẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́, díẹ̀ ni mo wí o. Ẹ dé e. Mo rí àwọn tó ń se ẹ̀wà láìdé e torí pé wọ́n fẹ́ máa wo omi, ooru ń lọ lójú wọn. Tí omi bá ti hó, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè kó iná sí i tí omi yẹn á gbóná ju bó ṣe wà lọ, híhó ni híhó ń jẹ́, iná ńlá kàn máa gbẹ omi ni. Ẹ yọ igi méjì, kí ẹyọ kan máa jó jẹ́ẹ́jẹ́. Iná tó ń ṣẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò gòkè dé ìdérí, tó dà bíi pé ó lágbára yẹn, òfò ni, ó yẹ kí ọwọ́ iná fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ìdí ìkòkò lásán.

Ó yá, ọ̀rọ̀ pásééjì. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ní Ọ̀yọ́, àwa mẹ́rin là ń sùn ní yàrá kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, tí ètè gbogbo wa ti là, a gbé ìkòkò èédú wọlé. A gbọ́n tiwa o, a dúró títí tó fi pọ́n dáadáa níta, kò sí èéfín kankan mọ́, a ní iná ti mọ́, a wá fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí òtútù má wọlé. Ohun tó gbà wá ni pé a fẹ́ da dẹ́kìnì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá wa wá kan ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún. Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀ bí ẹni pé láti òdìkejì odò ni, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi, mo fi àyà fà débi ilẹ̀kùn. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù kàn án, ẹnìkejì mi ń bì, ẹni kẹta ò mọ ibi tó wà, ẹni kẹrin gbígbé la gbé e síta, oòrùn yọ kó tó dá wa lóhùn. Kò sẹ́ni tó kú nínú wa. Mo mọ ilé tí wọn ò ríbi ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ dá.

Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ló ṣe wá bẹ́ẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta lójú, ẹ̀yinná tó pọ́n jùlọ tí kò ní èéfín rárá ló tún máa ń tú u jáde dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ wa sì máa ń dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ, nítorí náà díẹ̀ péré tó bá wọlé, ó ti gba ìjókòó ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Orí fífọ́, òòyì, inú rírú, ara wíwúwo bí ẹni tó fẹ́ sùn, tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn nítòsí iná, ẹ jáde síta lọ́gán, ẹ fa gbogbo ará ilé jáde, ẹ má ní ká kọ́kọ́ pa iná. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá tètè padà, ọsibítù ni, kì í ṣe omi àgbọn. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ fẹ páànù yẹn sí i, kí òjò má bàa fọ́n wọ ibi iná. Tí òtútù bá ń mú yín, ẹ fi aṣọ bora.

Ti ọmọ tó ń wúkọ́ yẹn àti ìyàwó ilé tó lóyún, ẹ má fi falẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dún 2020 nìkan, èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé ṣekú pa láyé, òtútù àyà àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ẹ̀. Ní Ìbàdàn níbí náà, wọ́n ti ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná, wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2017, ẹ̀jẹ̀ ríru kéré láàárín àwọn tó gba sítóòfù yẹn ju àwọn tó kù lọ. Nítorí náà kí aláboyún yín má koná mọ́ títí tó fi máa bí, kí ẹlòmíràn ṣe é, òun lè máa ṣa ẹ̀wà. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná, ibi tí imú yín bá wà ni imú tiẹ̀ wà. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ fún dókítà, ikọ́ òru ọmọ ọdún méjì kì í ṣe ohun tí èmi alámọ̀ lè wò.

Wẹ́dà wá. Tí igi bá ti gbẹ, tí àdògán bá ti dúró, tí èéfín díẹ̀ ṣì kù, ìgbà yẹn ni páìpù nítumọ̀. Abẹ́ páànù tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi tiyín, ẹ lè má nílò ẹ̀ rárá, ẹ kàn gbé páànù náà ga sí i, kẹ́ ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lókè téńté tí èéfín lè gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, irin ni kó jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù rọ́bà ṣe é fún yín (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí i). Kí orí ẹ̀ yọ tó fíìtì 3 lókè ibi tó ti gba páànù kọjá, kó sì fi fíìtì 2 ga ju ohunkóhun tó bá wà láàárín fíìtì 10 sí i lọ, kí atẹ́gùn má bàa máa ti èéfín padà sílé. Páìpù irin lásán tí kò ní irin kejì tó bò ó lára, ínǹṣì 18 ló gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí pákó tàbí igi àjà, ibi tó ti gba òrùlé kọjá, ẹ gé igi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi fìlà páànù dé orí ẹ̀ fún òjò. Nǹkan dúdú kan máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, tí igi bá tutù ó máa ń dán bí ọ̀dà, nǹkan yẹn ń gbiná o, tó bá gbiná nínú páìpù á máa ké bí ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá ń dáná lójoojúmọ́, ẹ máa yọ ọ́ lóṣooṣù, ẹ so àkísà tàbí búrọ́ọ̀ṣì mọ́ okùn, ẹ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìyókù ẹ ti mọ̀ ọ́n, ìgbàgbé ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má da kẹrosíìnì sórí iná tó ti ń jó tàbí ẹ̀yinná tó dà bíi pé ó ti kú, pẹ́tírólù ẹ má tilẹ̀ gbé e débẹ̀. Aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ nídìí iná, ìborùn onírọ́bà máa ń yọ́ mọ́ ara. Ẹ fi ilà yí ààrò ká ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ọmọdé mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Òróró tó bá gbiná, ìdérí ni kẹ́ ẹ fi dé e, ẹ má da omi sí i láéláé. Ẹni tó bá jóná, omi tútù lásán tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú gbáko, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe màkílíìnì, kì í ṣe epo pupa. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, eérú náà ni mo fi kún un: eérú tó dà bíi pé ó ti tutù láti àárọ̀ ṣì lè ní ẹ̀yinná láàyè nínú lọ́jọ́ kejì, inú garawa irin tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ máa kó o sí, lórí ilẹ̀ lásán, kó jìnnà sí ògiri àti igi, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Garawa rọ́bà kan ló sun ilé ìdáná àbúrò ìyá mi, àwa tá a lọ pa á ò mọ ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ títí tá a fi rí ọwọ́ garawa nílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí ò ju mẹ́ta lọ: ẹ kó eérú inú rímù yẹn kúrò, ẹ wá irin pẹlẹbẹ tí igi máa sùn lé, ẹ la igi yín kẹ́ ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ ka iye igi tẹ́ ẹ lò lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tún ka tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kẹ́ ẹ wá wọn ìdí ìkòkò ẹ̀wà yẹn fún mi láti etí dé etí, ní ínǹṣì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kí n lè sọ bí ẹnu àdògán yín ṣe máa tóbi tó gan-an. Kẹ́ ẹ bá mi kí àwọn ará Táákì.